Ẹ Fún Yorùbá Níṣẹ́ Ṣe

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọ̀kan nínú yín bi mí pé, "Ṣé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì?" Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká wo Estóníà ná.

Etí Òkun Báltíìkì ni orílẹ̀-èdè yìí wà. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Wọ́n bá Rọ́ṣíà pààlà, ṣùgbọ́n èdè Fínlándì ni èdè wọn bá tan. Bíi "ó" tiwa, ọ̀rọ̀ kan náà, "ta", ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin.

Ó pẹ́ tí àwọn onílẹ̀ tó ń sọ èdè Jámánì ti jẹ gàba lé wọn lórí. Ọba Rọ́ṣíà náà ṣàkóso wọn. Èdè àgbẹ̀ lásán ni àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ka èdè wọn sí. Láti ọdún 1632 ni Yunifásítì Tartu ti wà, ṣùgbọ́n ọdún 1919, lẹ́yìn tí wọ́n kéde òmìnira ní 1918, ni èdè Estóníà tó di èdè ìkọ́ni níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò tó wọn lò nígbà náà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ṣẹ̀dá tuntun. Johannes Aavik wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí. "Relv", ìyẹn ohun ìjà, jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀rọ̀ tó dá sílẹ̀, wọ́n sì ń lò ó dòní.

Ní 1940, ìjọba Soviet gba ilẹ̀ wọn. Síbẹ̀, wọn kò yé fi èdè wọn kọ́ ọmọ. Ní 1989, òfin sọ ọ́ di èdè ìjọba. Ní 1991, wọ́n gba òmìnira padà.

Òótọ́ ni pé Estóníà ní ìjọba tirẹ̀, àti pé èdè púpọ̀ ló wà ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ Yorùbá pọ̀ ju ti Estóníà lọ fíìfíì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdáhùn mi nìyí: a lè ṣe é, bí a bá fún èdè náà níṣẹ́ ṣe. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi Yorùbá kọ ìpínrọ̀ kan nípa ẹ̀kọ́ mìíràn tí ẹ ń kọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́n yín, ẹ ṣàpèjúwe ohun náà. Bí àwọn ará Estóníà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.