Ísráẹ́lì, Palẹsítínì àti Ẹ̀kọ́ Ṣágámù

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, kì í pẹ́ tí a fi ń dárúkọ Ísráẹ́lì nínú àdúrà. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ orúkọ Palẹsítínì níbẹ̀. Kí ni ẹ̀kọ́ Kristi fi hàn wá lórí ẹ̀tọ́ àwọn méjèèjì?

Ní 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn jagunjagun Hamas ya wọ gúúsù Ísráẹ́lì. Wọ́n pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn, wọ́n sì kó 251 lọ sí ìgbèkùn. Ìwà ibi gbáà ni. Gẹ́gẹ́ bí àwọn aláṣẹ ìlera Gásà ti sọ, ogun tí Ísráẹ́lì fi gbẹ̀san ti pa ju 60,000 ènìyàn lọ. Àwọn Kristẹni wà nínú wọn: ní 17 oṣù Keje ọdún 2025, ohun ìjà Ísráẹ́lì bà lé ìjọ Kátólíìkì kan ṣoṣo tí ó wà ní Gásà, ènìyàn mẹ́ta sì kú.

Àwọn kan wí pé ẹni àyànfẹ́ Ọlọ́run ni Ísráẹ́lì, nítorí náà kò yẹ kí a bi í léèrè. Ṣùgbọ́n Áhábù jẹ́ ọba Ísráẹ́lì nígbà tí Èlíjà bá a wí nítorí ẹ̀jẹ̀ Nábótì àti ọgbà rẹ̀. Yíyàn kò mú ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ òfin. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó ń káàánú Palẹsítínì kò gbọdọ̀ kórìíra Júù, nítorí àwòrán Ọlọ́run ni àwọn méjèèjì.

Àwa ará Ṣágámù mọ ohun tí ẹ̀san ń bí. Ní oṣù Keje ọdún 1999, wọ́n pa obìnrin Hausa kan nígbà ọdún Orò, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa Yorùbá ní Kano. Àwọn tí wọ́n pa níbẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀yà wọn nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Èyí gan-an ni Ìsíkíẹ́lì orí kejìdínlógún kọ̀: kí ẹnìkan ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn.

Mákùn jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú 13 tí wọ́n para pọ̀ di Ṣágámù ní ọdún 1872 láti wá ààbò lọ́wọ́ ogun. Ọmọ àwọn tí ó wá ibi ìsádi ni wá. Ó yẹ kí òfin Mósè nípa àlejò tètè yé wa.

Nítorí náà, kí àdúrà wa dárúkọ ìyá Júù tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé àti ìyá Gásà tí ó sin tirẹ̀. Kí a sì dárúkọ Hausa tí ó ń gbé Sábó pẹ̀lú wa, nítorí ẹni tí kò lè dáàbò bo ẹ̀tọ́ aládùúgbò rẹ̀ kò ní ohun kan tí yóò fi kọ́ Jerúsálẹ́mù.