Ọbẹ̀ Tí Kò Lẹ́ran Kì Í Ṣe Ọbẹ̀ Ìyà

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni mo gbé wá lónìí.

Oníṣègùn ló sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé kí n dín iyọ̀ àti ọ̀rá ẹran kù. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọn yóò kọ́ni ní oúnjẹ sísè láìlo ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà màlúù ní gbọ̀ngàn kan ní Ìbarà, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, mo dìde, mo lọ. Obìnrin ló kún ibẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta péré ni wá.

Kò pẹ́ tí olùkọ́ wa bẹ̀rẹ̀ tí ìyá kan fi nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, pọ̀nmọ́ ńkọ́?" Olùkọ́ dá a lóhùn pé, "Màmá, ara kí ni wọ́n ti bó o?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ. Ohun tí ìyá náà ń bi wá ni pé, bí òun bá gbé ọbẹ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú síwájú ọkọ tàbí àlejò, ojú wo ni wọn yóò fi wo òun?

Ìtìjú yìí gan-an ló ń ṣe wá ní jàǹbá. Nígbà tí owó kò tó, ìwọ̀nba ẹran tí a bá rí rà yóò lọ sí abọ́ baálé ilé, àwọn ọmọ yóò fi omi ọbẹ̀ jẹ láfún. Láyé àtijọ́, wọ́n tilẹ̀ ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ ń dàgbà ló nílò oúnjẹ gidi jùlọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sè. Wọ́n se ìrẹsì Ọ̀fàdà, èyí tí ó gba orúkọ ìlú Ọ̀fàdà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá wa. Dípò ṣàkì àti ìfun, olú àti wàrà sóyà ni wọ́n fi sínú ọbẹ̀ ata rẹ̀, pẹ̀lú irú. Bí wọ́n ṣe ṣe wàrà náà nìyí: wọ́n rẹ sóyà mọ́jú, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n se omi rẹ̀ kí ó hó dáadáa, wọ́n bu omíkan ògì sí i títí ó fi dì, wọ́n wá dà á sínú aṣọ mímọ́, wọ́n sì fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún ro láfún pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Mo jẹ ẹ́. N kò wá ẹran.

Àwọn kan yóò ní àṣà òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé ọdún 1944 ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan dá ẹgbẹ́ àwọn tí kì í jẹ ohunkóhun tí ó ti ara ẹran wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, èkuru àti ọ̀tílí ti wà lọ́wọ́ àwọn ìyá ńlá wa kí ẹgbẹ́ náà tó dé.

N kò sọ pé kí ẹ má jẹ ẹran mọ́ o. Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, ẹ má fi ẹ̀kọ nìkan bọ́ ọmọ tí ẹ já lẹ́nu ọmú. Ní 1933, Dókítà Cicely Williams kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ara wọn ń wú ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ wọn. Ẹ fi ẹ̀wà tàbí sóyà tì í lẹ́yìn, kí ẹ sì fún un ní ẹyin tàbí ẹja bí ó bá wà. Èkejì, ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ ohunkóhun láti ara ẹran mọ́ rárá gbọ́dọ̀ wá fítámì B12 lọ́dọ̀ oníṣègùn, nítorí kò sí nínú ewé tàbí ẹ̀wà. Àìní rẹ̀ a máa ba ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara jẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹ má fi èròjà amọ́bẹ̀dùn inú pépà rọ́pò ẹran, iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò tó ṣíbí ìpotíì kan. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí ni kí ẹ béèrè lọ́jà Kútọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ àwa ọkùnrin. Bí ìyàwó bá gbé gbẹ̀gìrì tí kò lẹ́ran wá lálẹ́ òní, ẹ má bojú jẹ́. Ẹ jẹun, ẹ yìn ín lójú àwọn ọmọ. Bí baálé ilé bá ti jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, ìtìjú náà ti tán, ohun kan náà ni gbogbo ilé yóò sì jọ jẹ. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Kí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọ̀ gbogbo wa.