Lẹ́tà Gbangba sí Ààrẹ Kọmíṣọ̀n ECOWAS lórí Ìwé Ẹ̀rí Àwọn Oníṣirò Owó

Ọlọ́lá jùlọ,

Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní 1979 fún àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilẹ̀ ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, láti máa gbé ibẹ̀, àti láti dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ kẹta yìí, tí àfikún àdéhùn 1990 tún ṣàlàyé, ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣirò owó.

Bí ọmọ Ìmẹ̀rí kan bá kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní Rufus Giwa Polytechnic ní Ọ̀wọ̀, tí ó yege nínú ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí òfin dá sílẹ̀ ní 1965, tí ó sì gba ìwé àṣẹ, ó lè buwọ́ lu àyẹ̀wò ìwé owó ilé-iṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Ní Kútọnu ní Benin, ìbuwọ́lù kan náà kò ní agbára títí ẹgbẹ́ ibẹ̀ yóò fi gbà á wọlé. Bákan náà ni fún ará Kútọnu tí ó bá wá sí Èkó.

Ìdínà náà nídìí. Benin àti Togo wà nínú OHADA, àdéhùn 1993 tí ó so òfin òwò àwọn orílẹ̀-èdè kan pọ̀, SYSCOHADA sì ni ìlànà ìṣirò wọn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, ìlànà àgbáyé IFRS ni ó gbà láti 2012. Òfin owó orí yàtọ̀, èdè òfin náà yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí gbogbo ìwé ẹ̀rí wọlé láìsí ìbéèrè kò ro ti àwọn tí owó wọn wà nínú ilé-iṣẹ́. Síbẹ̀, wíwá ẹ̀rí ìnáwó, kíka ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí àti fífura sí àkọsílẹ̀ tí ó dán jù kì í yí padà ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Akintola Williams, ààrẹ ICAN àkọ́kọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ní 1949. Ìwé òkèèrè kọ́ ni ẹgbẹ́ náà yẹ kí ó máa bẹ̀rù.

Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2006 lórí àwọn ayẹ̀wé owó wò fàyè gba ìdánwò kan ṣoṣo, lórí òfin ilẹ̀ tí ayẹ̀wé náà fẹ́ ti ṣiṣẹ́, láìtún un dán wò lórí ohun tí ó ti mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí Kọmíṣọ̀n pe ABWA, tí ó ti kó àwọn ẹgbẹ́ oníṣirò owó agbègbè yìí jọ láti 1982, kí wọ́n jọ gbé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ lórí òfin ilé-iṣẹ́ àti owó orí, ní èdè orílẹ̀-èdè tí ọ̀ràn kàn, kí ẹ sì sọ ọ́ di òfin tí ó de gbogbo orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS, kì í ṣe àbá tí ẹni tí ó bá wù ú yóò tẹ̀ lé.