ỌJÀ ÀTI OJÚ ỌJỌ́: Afẹ́fẹ́ ló ń ṣáájú òjò o!

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bí babaláwo ò bá gbójú lé òní, kí ló wá dé tí ìyá aláṣọ àti baba kápẹ́ńtà yóò fi gbójú lé e? Ìgbà kan wà lọ́dọọdún tó gba àkíyèsí gidi nílẹ̀ Yorùbá. Láti ìparí oṣù kejì ni, títí wọ oṣù kẹrin. Ọyẹ́ ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, òjò ò sì tíì fìdí kalẹ̀. Iná wà lápá ọ̀tún, ìjì wà lápá òsì, ọlọ́jà wà láàárín.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń bára wọn du ilẹ̀ yìí. Ọyẹ́ ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, ó gbẹ, eruku ló kó dání. Èkejì ń ti orí òkun bọ̀, omi ló rù. Láti bí oṣù kọkànlá ni ọyẹ́ ti ń jẹ gàba. Tó bá di oṣù kejì sí ìkẹta, afẹ́fẹ́ òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í pa dà sókè. Ìdí nìyẹn tí òjò fi ń tètè dé Èkó, Ẹ̀pẹ́ àti Òkìtìpupa, tó sì ń pẹ́ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ṣakí, Kìṣí àti Igbóho.

INÁ Ń WÁ OHUN TÓ MÁA JẸ

Ọyẹ́ kì í ṣáná. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó gbẹ koríko, kó gbẹ pákó, kó gbẹ aṣọ àti páálí, títí iná tí ì bá kú síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ yóò fi di ohun tí apá ò ká mọ́.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó tó dàgbà ò lè gbàgbé ọdún 1983. Òjò ti fà sẹ́yìn, ọyẹ́ sì mú gan-an. Iná ìgbẹ́ jó oko kòkó rẹpẹtẹ lórílẹ̀-èdè Gáná, ilẹ̀ Yorùbá náà ò sì gbẹ́yìn. Igi kòkó kì í ṣe ewédú téèyàn á tún gbìn, táá sì já a lóṣù tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló ń gbà kó tó so.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò mọ sóko. Lọ́jọ́ 5, oṣù kìíní, ọdún 2020, iná jó ọjà Àkẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́. Oṣù yẹn ò tíì parí tí iná tún fi ṣẹ́ yọ lọ́jà Balógun l'Ékòó, lọ́jọ́ 29. Ẹni tọ́jà rẹ̀ bá jóná, kì í ṣe ọjà nìkan ló jó. Owó àjọ wà ńbẹ̀, owó tí wọ́n yá ní àjẹsẹ́kù wà ńbẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ náà wà ńbẹ̀. Iná kì í sì í bèèrè bóyá wọ́n ti san gbèsè tán.

ÌJÌ TÓ Ń KO ÒJÒ BỌ̀

Ẹ gbọ́ ná, ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tójò bá ti ṣú, ewu iná ti tán nìyẹn. Irọ́ ni o!

Tí oòrùn ọ̀sán bá mú, tí afẹ́fẹ́ olómi sì ti wọlé, ìkúukùu á máa gun ara wọn lórí. Tómi bá ń já bọ́ nínú ìkúukùu yẹn, ó lè gbẹ lójú ọ̀run kó tó délẹ̀. Bó ti ń gbẹ lọ ló ń mú kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, á já wálẹ̀ gbì, á sì sáré lọ síwájú. Òun ni ìjì tó ń ru eruku tó sì ń gbé agboòrùn ọlọ́jà kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó balẹ̀. Ó lè fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú ṣáájú òjò. Nígbà mìíràn pàápàá, òjò lè má rọ̀ rárá, kí ìjì sì ti ṣe tiẹ̀ kó máa lọ.

Ẹ wá wo àgbẹ̀ tó rí òjò tó ṣú, tó wá sáré finá sí ìgbẹ́ tó ṣán, tó ní òjò á bá òun pa á. Ìjì ló máa kọ́kọ́ dé, á gbé iná náà lọ sóko ẹlòmíì. Ẹ wo alákàrà tó fi igi iná sílẹ̀ tó ń lé agboòrùn kiri. Ìjì ò ní fọwọ́ kan agboòrùn nìkan, á fẹ́ ẹṣẹ́ná wọ inú ìsọ̀ aláṣọ.

Ìjì fúnra rẹ̀ kì í ṣeré. Ní oṣù kejì ọdún 2012, ó jà l'Ékòó, ó ṣí òrùlé, ó wó igi, ẹ̀mí sì bá a lọ.

KÍ NI ṢÍṢE?

Kápẹ́ńtà, afẹ́fẹ́ tó bá ráyè wọ abẹ́ pánù ló ń gbé e. Kí ìṣó tó ti yọ di títún kàn, kí ẹ sì fi irin de igi òrùlé mọ́ ògiri. Òkúta àti táyà tí wọ́n ń gbé lé pánù kì í ṣe oògùn. Tí ìjì bá ṣí i, orí èèyàn ni wọ́n máa já lé.

Wẹ́dà, ẹ má ṣe jó irin nítòsí epo bẹntiróòlù tàbí fúùmù nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́. Télọ̀, ẹ pa ayọ́ọ̀nù eléèédú kẹ́ ẹ tó lọ sílé. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ ní iyanrìn nínú korobá létí ìsọ̀. Iná epo ò gba omi. Ìdérí ìkòkò tàbí iyanrìn ló ń pa á. Tí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ pa gbogbo iná mànàmáná, torí ìgbà tí iná bá pa dà dé lóru, kò séèyàn níbẹ̀.

Tí ìjì bá dé, ẹ má sá sábẹ́ igi tàbí pátákó ìpolówó. Wáyà iná tó bá já sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tí mànàmáná bá kọ, tí ẹ ò sì tíì ka 30 tí àrá fi sán, ó ti sún mọ́ ìtòsí, ẹ wọlé. Nọ́ńbà 112 ni ẹ máa pè fún ìrànwọ́. L'Ékòó, 767 náà wà.

Ẹ má sì jẹ́ kí òjò kan tàbí méjì tàn yín jẹ. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wo ojú ọjọ́, máa ń kéde ìgbà tí òjò yóò fìdí múlẹ̀ lágbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ fetí sí rédíò kẹ́ ẹ tó kó owó sórí àgbàdo gbígbìn.

Ìhà ìlà oòrùn ni ìjì yìí sábà máa ń gbà wá, pàápàá tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá rí i tó ṣú dúdú lọ́hùn-ún, kó kọ́kọ́ bojú wo iná rẹ̀, kó tó wá agboòrùn rẹ̀ lọ.