TÍṢÀ TÍ KÒ NÍ FI WÁ SÍLẸ̀ LỌ

  

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ẹni tó gbé igbá sójú títì. Ọ̀rọ̀ tíṣà àwọn ọmọ wa ni. Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, ẹnu wa ò kò. Àwọn kan ní kí á máa yọ nínú owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù, kí á fi san owó tíṣà tí ẹgbẹ́ òbí gbà síṣẹ́, nítorí kíláàsì ṣófo. Àwọn kan ní iṣẹ́ ìjọba ni, ọwọ́ ẹgbẹ́ ọjà ò sí níbẹ̀. Ìyálọ́jà wá ní kí oníkálukú lọ rò ó wò, pé ní ìpàdé tó ń bọ̀ a óò nawọ́. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé yìí, kí ẹni tí kò lè kà á jẹ́ kí ọmọ kà á sí òun létí.

Èrò tiwa rèé, a ò fi bò: kí ẹgbẹ́ ná owó o, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ lórí tíṣà tó ń dúró de ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi owó náà rán ọmọ tiwa lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà, kó padà wá kọ́ ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo àwọn tó ń dúró níwájú àwọn ọmọ wa báyìí. Àkọ́kọ́ ni tíṣà ìjọba. Ti pírámárì, SUBEB ló ń gbà wọ́n. Ti sẹ́kọ́ńdírì, TESCOM ni. Púpọ̀ nínú wọn kì í gbé àárín wa. Láti Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń wọkọ̀ wá láàárọ̀. A ò bá wọn jà. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróò ti lọ, àwa tí a ń kó ẹrù lọ sí Ìbàdàn mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ onímọ́tò. Ohun kan náà ló dé bá tíṣà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí tíṣà bá tilẹ̀ ń gbà ju ìyẹn lọ, ẹni tó ń wọkọ̀ lọ tó ń wọkọ̀ bọ̀ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ló máa kù fún un láti jẹun? Bó bá rí ọ̀nà, yóò wá tírańsífà lọ sí ìtòsí ilé rẹ̀. Bí àwa náà bá wà nípò rẹ̀, ohun tí a máa ṣe nìyẹn.

Èkejì ni agùnbánirọ̀. Láti ọdún 1973 ni wọ́n ti ń rán wọn káàkiri, wọ́n sì ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni tiwọn. Ẹ̀kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe T.P.; òun ò tilẹ̀ lò tó ọdún kan. Ẹ tún rántí àwọn ọmọ N-Power tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016. Púpọ̀ nínú wọn wọ ilé ìwé, àwọn ọmọ fẹ́ràn wọn. Nígbà tó di ọdún 2020, ìjọba ní kí ipele kìíní àti ìkejì máa lọ. Ẹ̀kẹrin ni tíṣà ẹgbẹ́ òbí yìí gan-an, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì tó ń dúró de JAMB. Ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ gíga bá gbà á, ó dìgbóṣe.

Kò sí ẹni burúkú nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń lọ. Oníbàárà tó bá ń bá ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ná ọjà lórí ìsọ̀ kan náà láàárín ọdún kan, ta ló máa mọ gbèsè rẹ̀? Ta ló máa mọ ohun tó ń fẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ń pààrọ̀ tíṣà rí. Kí tíṣà tuntun tó mọ̀ pé ọmọ yìí kò ríran dáadáa, pé ti ọ̀hún kò tíì mọ ìsọdipúpọ̀, ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ẹ̀yin kan á ní, "Kí ló kan ọjà níbẹ̀?" Ó kàn wá gidigidi. Nígbà kan, bí ọmọ bá mọ owó kà, ó ti tó o ní ọjà. Lónìí POS ló wà níwájú ìsọ̀. Oníbàárà á fi fóònù hàn ọ́, á ní òun ti fi owó ránṣẹ́. Mélòó nínú wa ni wọ́n ti fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọ la máa ń pè kó wá bá wa ka ohun tó wà lójú fóònù. Ọmọ tó wà ní pírámárì karùn-ún tí kò lè ka gbólóhùn kan já geere, òun náà á ta ọjà lọ́la, wọn á sì rẹ́ ẹ jẹ ju bí wọ́n ṣe rẹ́ wa jẹ lọ. Àwọn tó ní agbára ti kó ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé aládàáni. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni olówó pọ́ọ́kú, tíṣà ibẹ̀ náà kò ju ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdírì lọ. Owó la san, a ò ra ohun tí a rò pé a rà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ la jẹ. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Lọ́dún 1954, ọmọ tó wà ní pírámárì ní gbogbo ẹkùn náà jẹ́ nǹkan bíi 457,000. Lọ́dún 1955, wọ́n di bíi 811,000. Ẹ ò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan! Olóyè Awókọ̀yà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti gbé ètò náà kalẹ̀ láti ọdún 1952, wọ́n sì ti ń kọ́ tíṣà sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Síbẹ̀ tíṣà ò tó. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò tíì kọ́ṣẹ́ ló kọ́kọ́ wọ kíláàsì. Lọ́dún 1976 tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ tún ṣí ilẹ̀kùn pírámárì fún gbogbo Nàìjíríà, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá NTI sílẹ̀ ní Kàdúná láti máa kọ́ tíṣà lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba a máa yára ṣí ilẹ̀kùn; tíṣà ló máa ń pẹ́ dé.

Kí ló wá mú kí ti ayé àtijọ́ dúró? Ohun tí àwa rí ni pé ọmọ ìlú ni wọ́n mú. Wọ́n á rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, á gba Gíréèdì Tírì, á gba Gíréèdì Tú, á sì padà sáàárín wa. Tíṣà ń gbé ládùúgbò. Ó ní oko. Òun ló ń kọ lẹ́tà fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kano. Bí ọmọ bá sá níwèé, kí oòrùn tó wọ̀, tíṣà ti dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Irú tíṣà bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa ṣọ́ ọ.

Ohun tó dùn wá jù ni pé àwa gan-an kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe tíṣà. Ọkọ̀ kan péré la máa wọ̀ dé Ọ̀yọ́. Lọ́dún 1896 ni àwọn ìjọ CMS gbé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wọn wá sí Ọ̀yọ́, òun ni St. Andrew's. Ibẹ̀ ni Fágúnwà tí gbogbo wa mọ̀ ti kọ́ṣẹ́ tíṣà kó tó di òǹkọ̀wé. Emmanuel Aláyandé náà jáde níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ wa tó ti di yunifásítì báyìí. Lọ́dún 1977 ìjọba àpapọ̀ tún dá ti àwọn olùkọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà ara sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ kan náà. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà ní ẹ̀gbẹ́ wa, kíláàsì wa sì ṣófo. Bí ẹni tó ń gbé létí odò tó ń fi itọ́ bọ́jú la rí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Lọ́dún 2017, ìjọba Kàdúná fún nǹkan bíi 33,000 tíṣà pírámárì ní ìdánwò ọmọ pírámárì kẹrin. Àwọn 21,780 ni kò gba máàkì 75 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n béèrè. Ìjọba lé wọn, wọ́n ní àwọn á gba 25,000 mìíràn. Ariwo pọ̀, ìyanṣẹ́lódì sì tẹ̀lé e. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò fún ọdún pípẹ́, àwọn ọmọ ló máa san gbèsè rẹ̀.

Lọ́dún 2017 yẹn náà ni Teach For Nigeria bẹ̀rẹ̀. Irú rẹ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1990. Wọ́n máa ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n á kọ́ wọn ní iṣẹ́ kí wọ́n tó wọ kíláàsì, wọ́n á rán wọn lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ tálákà ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ògùn àti Kàdúná, ẹni tó mọ iṣẹ́ á sì máa lọ wò wọ́n níbẹ̀. Ṣíṣà wọn dáadáa dára. Bíbẹ̀ wọ́n wò dára jù. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni wọ́n fi gbà wọ́n, ẹni tó bá wù ú láti lọ lẹ́yìn náà á lọ. Àwa á mú ṣíṣà àti bíbẹ̀wò nínú tiwọn, a óò sì fi ohun tí wọn ò ní kún un: ilé bàbá ọmọ.

Nítorí náà, èyí ni àwa ń bẹ ẹgbẹ́ pé kí ó ṣe.

Èkíní, kí á máa mú ọmọ méjì lọ́dọọdún láti ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí á ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ NCE, tí í ṣe ọdún mẹ́ta. Kí ó má jẹ́ ọmọ ẹni tó lẹ́nu jù nínú ẹgbẹ́. Kí ó jẹ́ ọmọ tó yege, tó sì fẹ́ràn ọmọdé, tí àwọn tíṣà rẹ̀ jẹ́rìí sí. Kí òun àti òbí rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé níwájú Ìyálọ́jà pé, bó bá parí, yóò kọ́ni ní àdúgbò wa fún ọdún márùn-ún ó kéré tán.

Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé, ẹ fi yàrá kan sílẹ̀ ní ẹ̀dínwó fún tíṣà ìjọba tó bá gbà láti máa gbé Jobele. Owó ọkọ̀ tí kò ná mọ́ yóò di oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́wọ́ àwa náà ni yóò sì ti rà á.

Ẹ̀kẹta, ta ni nínú wa tó bọ́ sọ́jà lọ́jọ́ kan tó mọ èlùbọ́ wọ̀n? Ẹnì kan la jókòó tì. Tíṣà tuntun náà nílò ẹni tó máa jókòó tì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 2022 sọ pé tíṣà lè ṣiṣẹ́ títí di ọmọ ọdún 65, tàbí fún ogójì ọdún. Àwọn àgbà tíṣà ṣì wà, àwọn tó ti fẹ̀yìntì náà wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa lọ wo àwọn ọmọ wọ̀nyí ní kíláàsì, kí wọ́n fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Ẹ̀kẹrin, kí á lọ bá SUBEB pẹ̀lú ohùn kan pé bí wọ́n bá mú tíṣà kan lọ, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò kí tíṣà àkọ́kọ́ tó kúrò, àti pé bí wọ́n bá ń gba tíṣà, kí wọ́n ro ti ọmọ ìlú tó ní ìwé ẹ̀rí. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ẹgbẹ́ kò lè san owó oṣù títí láé. Ìjọba ni yóò san án. Tiwa ni pé kí ẹni tó yẹ ti wà nílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá.

A mọ ohun tí wọ́n máa sọ. "Bí a bá kọ́ ọ tán, á sá lọ sí Èkó, á japa." Òótọ́ ni, ẹnì kan lè lọ. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ méjì lọ́dún, fún ọdún márùn-ún, bí ìdajì bá dúró, tíṣà márùn-ún nìyẹn tí kò san owó ilé, tó mọ ìyá ọmọ, tí ìyá ọmọ sì mọ̀ ọ́n. Owó tí a bá ná sórí tíṣà ẹgbẹ́ òbí fún ọdún márùn-ún, kí ló máa ṣẹ́kù nínú rẹ̀? "Ọdún mẹ́ta ti jìnnà jù, kíláàsì ṣófo nísinsìnyí." A gbà. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ òbí máa bá tiwọn lọ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹni tó bá lè dáwó dá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í jẹ gbogbo irúgbìn rẹ̀ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ọsàn ní Fìdítì mọ̀ pé ọdún tí a gbìn ín kọ́ la ń ká a.

Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ má rán ọmọ. Bí ẹ ó bá lòdì sí wa, ẹ sọ ọ́ lójú ìpàdé, kò sí ìjà níbẹ̀. Ohun tí a ò fẹ́ ni kí a tún tú ká láìdá ọ̀rọ̀ náà sí ibì kan, nítorí lọ́jọ́ kejì àwọn ọmọ á tún jókòó sí kíláàsì, wọn á máa wo ẹnu ọ̀nà.

Ọjà á tà o. A ò ní náwó sórí àìsàn. Àṣẹ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, ní orúkọ ìgbìmọ̀