Òru Disẹ́ńbà ní Èkó: Ohun Tí Òbí Kò Mọ̀ Nípa Olórin Tí Ọmọ Rẹ̀ Fẹ́ràn

Disẹ́ńbà ti dé, Èkó ti gbóná. Pátákó ìpolówó òde orin ti gba ojú títì láti Ọjọ́ta dé Victoria Island. "Detty December" ni àwọn ọ̀dọ́ ń pe àsìkò yìí, ìgbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Kánádà máa ń rọ́ wá sílé wá náwó. Ìròyìn tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 sọ pé owó tó wọlé ní Èkó láti ara ìgbafẹ́ àti àlejò ní Disẹ́ńbà ọdún 2024 lé ní mílíọ̀nù 71 dọ́là, àwọn ilé ìtura ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọmọdé la fẹ́ sọ. Òwò ńlá ni.

Àmọ́ àwọn tó wọ bàálù wá kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Àwọn ọmọ tiwa ni: ọmọ Mùsùlùmí tó ń gbé Agége, Muṣin tàbí Ìkòròdú, tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán tàbí tó ń lọ sí LASU, tó ní fóònù kan ṣoṣo, tó sì fẹ́ràn olórin kan bí ẹni fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí ni pé, "Àlùfáà, ẹ bá wa bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀, orin ló ń gbọ́ ṣáá." Tí a bá wá béèrè pé orin ta ni, wọn kì í mọ̀. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, nítorí orin gan-an ló kéré jù nínú ohun tó gba ọmọ náà lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ. Kó tó bọ́jú láàárọ̀, ó ti yẹ fóònù wò kó lè mọ ohun tí olórin rẹ̀ gbé síta lóru. Nínú danfo láti Ìyánà Ìpájà dé Ọṣòdì, íápíìsì wà létí rẹ̀. Tó bá dé ibi iṣẹ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dúró dè é lórí X. Àwọn olólùfẹ́ Wizkid ń pe ara wọn ní Wizkid FC, ti Davido ń jẹ́ 30BG, ti Burna Boy ń jẹ́ Outsiders. Wọ́n máa ń bú ara wọn lórí ta ló gba àmì ẹ̀yẹ, èrò ta ló kún pápá ní Lọ́ńdọ̀nù, orin ta ló wà ní ipò kìíní lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ ìbò ni. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń mirí, ẹ rántí àsìkò Barrister àti Kollington. Ṣé kì í ṣe orí irú ọ̀rọ̀ báyìí làwọn kan ò fi bá ara wọn jẹun mọ́ nínú ọgbà kan náà? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìjà tiyín máa ń rọlẹ̀ tí wọ́n bá ti kó àga òde kúrò nílẹ̀. Ìjà orí fóònù kì í sùn.

Ọjọ́ tí orin tuntun ń jáde náà yẹ kí òbí mọ̀. Láti oṣù Keje ọdún 2015 ni àwọn iléeṣẹ́ orin lágbàáyé ti fẹnu kò pé Ọjọ́ Ẹtì ni orin tuntun yóò máa jáde. Níhìn-ín, òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Jímọ̀ nìyẹn. Àwọn kan ń sọ pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ Jímọ̀ láti fi dí Mùsùlùmí lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí orin ń jáde ní Ìlú Ọba yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń jí orin pín a sì ti gbé e kiri kó tó dé ọjà ìlú kejì. Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n fi ṣe é. Àmọ́ ọmọ tó bá fi orin tuntun ṣàìsùn títí di aago mẹ́ta òru, ẹ ò nílò ká sọ fún yín bí Àsùbáà rẹ̀ yóò ṣe rí, àti bí yóò ṣe máa tòògbé nídìí kútúbà.

Kí ló ń fi òru náà ṣe? Iṣẹ́ ni. Lórí Spotify, tó wọ Nàìjíríà ní Fẹ́búrárì ọdún 2021, wọn kì í kà á pé ẹnì kan gbọ́ orin àfi tó bá gbọ́ ọ tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Àwọn olólùfẹ́ mọ òfin yìí bí ẹni mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n á lu orin kan náà, wọ́n á tún un lù, kí olórin wọn lè gòkè. Spotify fúnra rẹ̀ kéde pé owó tí àwọn olórin Nàìjíríà rí lórí òun ní ọdún 2024 lé ní bílíọ̀nù 58 náírà, ó sì ju ìlọ́po méjì ti ọdún 2023 lọ. Ṣùgbọ́n orin tí wọ́n gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kì í pa owó tó èyí tí ẹni tó ń san owó oṣooṣù gbọ́, owó oṣooṣù Nàìjíríà kò sì tó ti Ìlú Ọba rárá. Ọmọ tó ń lu orin mọ́jú ní Muṣin, owó táṣẹ́rẹ́ ló ń fi ránṣẹ́ sí olórin rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ta dátà fún un ló ń jẹ èrè òru náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí fi owó kún owó tó ìdá 50 nínú 100, bẹ́ẹ̀ 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin. Ẹ bá ọmọ yín jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ jọ ṣírò iye tí dátà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù. A ti rí ọmọ tí ìṣirò yìí dùn ju wáàsí lọ.

Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fi owó náà rà kì í ṣe orin. Ẹgbẹ́ ló ń rà. Ó ń ra ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń retí rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ní ìwọ̀n. Ẹ rò ó wò: èèyàn mẹ́fà nínú yàrá kan, pápá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ti di ṣọ́ọ̀bù, mọ́sálásí àdúgbò á sì tilẹ̀kùn tí wọ́n bá ti kí ìrun Ìṣáì tán. Ní Agége, Pen Cinema àti Dánjùmá Cinema ti di orúkọ ibùdókọ̀ lásán lẹ́nu àwọn kọ̀ǹdọ́. Sinimá tòde òní wà nínú àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Ìkẹjà, Surulérè àti erékùṣù. Fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé, A Tribe Called Judah, tó jáde ní Disẹ́ńbà ọdún 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa owó tó lé ní bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá. Inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ Agége bá fi ṣírò owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì, fóònù ló máa padà sí.

Àwa Mùsùlùmí kò sì lè sọ pé a ò mọ bí irú ẹgbẹ́ báyìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀, torí inú ilé wa ni fújì ti jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin wéré kiri lóru Ràmàdáànì láti jí àwọn èèyàn fún sààrì ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Láti kékeré ni Síkírù Àyìndé Barrister ti wà nínú wọn, kó tó sọ ọ́ di fújì, kó sì fi gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan. Olóògbé náà kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 16 oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2010. Ẹ fetí sí Asake, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ahmed, tó kún gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2023. Ègbè fújì wà nínú orin rẹ̀ kedere. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ sààrì ìgbà yẹn, àgbà àdúgbò mọ olórí wọn, wọ́n mọ òpópónà tí wọn yóò gbà, wọ́n mọ ilé tí oníkálukú wọn máa sùn. Ẹgbẹ́ orí fóònù yìí, ta ló mọ olórí rẹ̀?

Ẹnu àwọn onímímọ̀ kò kò lórí ọ̀rọ̀ orin àti ohun èlò orin, a kò sì ní yanjú rẹ̀ níbí. Orin tó ń yin jìbìtì àti oògùn olóró kò tilẹ̀ nílò àríyànjiyàn. Ohun tí a mọ̀ dájú ni pé ẹ̀sìn wa kò kórìíra ìdárayá: lọ́jọ́ Ọdún, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ kí àwọn ará Habaṣa fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sálásí, ó sì jẹ́ kí ìyá wa Àíṣà wò wọ́n títí tó fi sú u.

Ọ̀pọ̀ òbí ló rántí ìbínú oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tí Davido gbé fídíò orin Logos Olorì síta, níbi tí àwọn tó ń kírun ti dìde tí wọ́n ń jó. Mùsùlùmí fárígá, kò sì pẹ́ tí Davido fi yọ fídíò náà kúrò. Wáàsí orí mínbárì nìkan kọ́ ló ṣe é, lójú tiwa. Àwọn Mùsùlùmí tó ń ra orin rẹ̀ pọ̀, oníṣòwò sì ń gbọ́ ohùn oníbàárà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù lọ, òru fúnra rẹ̀. Wọ́n á kọ aago méje alẹ́ sára pátákó. Ẹni tó ti lọ rí mọ̀ pé olórin tí wọ́n torí rẹ̀ wá lè má gun orí ìtàgé títí òru á fi gànjọ́, nígbà mìíràn títí àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù láti Mile 2 dé Marina, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2023, kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú. BRT náà kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè láti Victoria Island dé Ìkòròdú ní aago mẹ́ta òru, owó rẹ̀ lè ju ti tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Kí ni ọmọ máa ń ṣe? Á jókòó síta títí ilẹ̀ á fi mọ́, tàbí kó wọ ọkọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ibẹ̀ ni fóònù ti ń lọ, ibẹ̀ ni ọmọbìnrin ti ń rí ohun tí kò lè sọ nílé.

Bẹ́ẹ̀, àwọn olórin wa kan náà ló ń lọ kọrin ní O2 ní Lọ́ńdọ̀nù, tí òde á sì parí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, tí èrò á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé. Kí ló dé tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún aago Lọ́ńdọ̀nù, tí ti Èkó kò já mọ́ nǹkan lójú wọn?

Ìlú òyìnbó náà kò yọ nínú ewu. Ní ọjọ́ 15 oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2022, èrò tó fẹ́ wọ òde Asake ní Brixton, Lọ́ńdọ̀nù, fún ara wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà, èèyàn méjì kú, gbọ̀ngàn náà kò sì ṣí mọ́ títí di oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ní ilé, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 18 oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2024 kò tíì kúrò lọ́kàn wa: àríyá ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní Islamic High School, Bàṣọ̀run, níbi tí èrò ti tẹ ọmọ 35 pa. Kò sí olórin kankan tí wọ́n ń sá tẹ̀ lé níbẹ̀. Àwọn ìyá ti gbé ọmọ débẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, nítorí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún láìsan owó.

Ilé tí wọn kò gbọ́dọ̀ ti dárúkọ òde orin, ọmọ ibẹ̀ kì í ṣíwọ́ lílọ. Á ní òun ń lọ kàwé mọ́jú lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Gbogbo ohun tó yí padà ni pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Tí èrò bá tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lóru yẹn, ilé ọ̀rẹ́ ni bàbá rẹ̀ máa kọ́kọ́ wá a lọ. A kò ní kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ. Èyí tí kò tíì pé ọdún 18, ẹ sọ fún un pé kò ní lọ, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀, pé kò sí ọkọ̀ tó máa gbé e délé. Èyí tó ti dàgbà, tó ń jẹun ara rẹ̀, ẹ bi í pé ta ni wọ́n jọ ń lọ, ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà jáde tí èrò bá pọ̀, ta ló ń gbé wọn bọ̀. Ọmọ tó bá lè dáhùn ti ń ronú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ni ìbéèrè kẹta máa ń dá dúró sílé.

Àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sálásí pẹ̀lú ní ohun tí wọ́n lè ṣe. IVC tí MSSN ń ṣe ní ìparí Disẹ́ńbà ń gbìyànjú gan-an fún àwọn ọmọ iléèwé. Ọmọṣẹ́ télọ̀ àti mẹkáníìkì ńkọ́? Gbọ̀ngàn wà, àga wà, jẹnẹrétọ̀ wà. Ìdíje bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, fíìmù tí àgbà ti wò ṣáájú, ìdíje orin wéré láàárín àdúgbò, gbogbo rẹ̀ lè parí kí Mọ̀gàríbì tó kọ. Oṣù Fẹ́búrárì ni Ràmàdáànì ọdún 2026 bọ́ sí. Tí ẹ bá ti kó wọn jọ ní Disẹ́ńbà, ẹ ti rí ọmọ sààrì nìyẹn.

Ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ló kù. Ìpínlẹ̀ tí owó tó tó yìí ń wọlé fún nínú oṣù kan lè fi òfin sí aago tí òde orin gbọ́dọ̀ parí, ó sì lè ní kí BRT díẹ̀ dúró sí Victoria Island ní aago méjì òru, kí ọ̀kan kọjú sí Agége, kí ọ̀kan kọjú sí Ìkòròdú.