Gìtá Náà Kò Gùn Jù fún Mi

Ní ìsinmi tó kọjá, èmi àti bàbá mi wọ ilé ìtajà ohun èlò orin kan ní ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún méjì ni mo fi kó owó jọ: owó Kérésìmesì, owó ọjọ́ ìbí, àti èyí tí màámi ń fún mi bí mo bá bá wọn tajà ní ọjà Ajah ní ọjọ́ Sátidé. Bàbá mi ti ṣèlérí pé àwọn á fi ìyókù kún un. Mo na ọwọ́ sí gìtá béèsì kan tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Kí n tó fọwọ́ kàn án, ọkùnrin tó ń tajà ti kọjú sí bàbá mi: "Ẹ gbọ́ sà, èyí gùn jù fún obìnrin. Ẹ jẹ́ kí n gbé kékeré wá fún un." Bàbá mi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ ta gìtá, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun.

Ohun tó mú mi kọ àròkọ yìí nìyẹn. Irinṣẹ́ ni gìtá. Iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe ló yẹ ká fi yàn án, kì í ṣe bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni yóò gbé e kọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé gìtá náà. Okùn mẹ́rin ló ní. Ibi tí okùn ti ń dún, láti òkè ọrùn gìtá títí dé ibi tí okùn ti fara ti igi nísàlẹ̀, jẹ́ íńṣì 34. Èyí ni àwọn olórin ń pè ní long-scale. Kékeré tí ọkùnrin náà ń sọ kì í sábà ju bí íńṣì 30 lọ. Inú gìtá náà ṣófo lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ṣùgbọ́n igi líle kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní semi-hollow. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àpótí tí inú rẹ̀ ṣófo ni àgídìgbo tí olóògbé Fàtáì Rolling Dollar máa ń lù, inú tó ṣófo yẹn ló sì ń jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀.

Kí ló dé tí mo fẹ́ ẹ? Lákọ̀ọ́kọ́, okùn gígùn máa ń le ju kúkúrú lọ bí wọ́n bá nípọn bákan náà tí wọ́n sì ń dún ohùn kan náà. Nítorí náà, okùn tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ jù lọ máa ń dún ketekete. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Badore, ìlù, dùùrù àti ẹgbẹ́ akọrin jọ máa ń ké pọ̀ ni. Bí ohùn béèsì kò bá já gaara, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ.

Lọ́nà kejì, gbogbo ará Ajah ló mọ̀ pé iná máa ń lọ. Gìtá béèsì tí igi rẹ̀ dì pa fẹ́rẹ̀ẹ́ yadi bí kò bá sí iná. Èyí tí inú rẹ̀ ṣófo díẹ̀ á ṣì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn sì tó fún ẹni tó jókòó sínú òkùnkùn tó ń kọ́ orin ọjọ́ Ìsinmi.

Mo mọ àléébù rẹ̀. Bí ènìyàn bá sún mọ́ sípíkà jù, á máa hu. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń fẹ́ láti òkun máa ń mú kí okùn dípẹtà, ọ̀rinrin sì lè mú kí ọrùn gìtá tẹ̀. Ká ní ohun tí ọkùnrin náà sọ nìyí, ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin.

Wọ́n á ní ọwọ́ obìnrin kéré. Gìtá ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń ta láti ọdún mẹ́ta, íńṣì 34 ni. Carol Kaye, obìnrin Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1935, fi gìtá Fender olókùn gígùn ta béèsì nínú àìmọye àwo orin. Esperanza Spalding, tó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ti olórin tuntun ní 2011, ń ta béèsì ràgàjì tí wọ́n máa ń gbé dúró sílẹ̀. Paul McCartney, ọkùnrin ni, gìtá Höfner kékeré oní-íńṣì 30 ni gbogbo ayé sì mọ̀ mọ́ ọn. Ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé gìtá obìnrin ló gbé dání?

Nínú ìlù bàtá tiwa, èwo ló tóbi jù? Ìyáàlù ni. Omele ni kékeré. Ẹnìkan á ní orúkọ lásán ni, pé ọkùnrin ló sábà ń lù ú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Àrà, tó ń gbé dùndún kọ́ èjìká, ti fi hàn pé ọwọ́ obìnrin ká ìlù. Bí ìlù tó ń darí ìyókù bá lè jẹ́ ìyá, kí ló ní kí ọmọbìnrin má gbé gìtá tó ń gbé orin ró?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, mi ò sọ pé kí ẹ ra ohun tó wọ́n jù fún ọmọ, mi ò sì sọ pé gìtá kékeré kò dára. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ gbé irinṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́ kí ẹ tó yàn fún un. Ẹ jẹ́ kó gbé e kọ́rùn, kó na ìka dé òpin ọrùn gìtá, kó ta á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Bàbá mi kò ra ìkankan lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ká lọ rò ó. Owó mi ṣì wà nínú kóló. Bàbá mi, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà lọ ní Sátidé. Lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n gbé gìtá náà fún mi kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.